Kí Egungun Àgbọ̀n Tó Lè Gba Eyín Tuntun: Ìwé Ìlàlóye fún Ẹni Tí A Fẹ́ Fi Egungun Kún Àgbọ̀n Rẹ̀

Eyín tó bá kúrò lẹ́nu kì í dá lọ. Egungun tó gbé e dúró á máa tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Ìjẹun ló ń mú kí egungun náà le. Bí eyín kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í kó o kúrò. Láàárín ọdún kan tí a bá yọ eyín ẹ̀yìn, fífẹ̀ egungun ibẹ̀ lè dín sí nǹkan bí ìdajì, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì ń yára jù.

Implant jẹ́ ìṣó titanium tí a ń yí wọ inú egungun, tí a ó wá fi eyín àtọwọ́dá dé lórí. Per-Ingvar Brånemark, ará Sweden tó ṣàkíyèsí pé egungun máa ń lẹ̀ mọ́ titanium gbọin-gbọin, ló fi irú èyí sí ẹnu aláìsàn rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1965. Ìṣó tí a ń lò jù fẹ̀ tó nǹkan bí mìlímítà 4, ó sì yẹ kí egungun tó tó mìlímítà 1, ó kéré tán, wà níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti níhà ahọ́n. Ẹni tí egungun rẹ̀ kò ju mìlímítà 3 lọ kò ní ibi tí ìṣó yóò ti di nǹkan mú. Ojú lásán kò lè mọ èyí, nítorí ẹran ìdí eyín tó nípọn lè bo egungun tó ti tín-ín-rín. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ya àwòrán X-ray ṣáájú ohun gbogbo.

Níbo ni egungun tí a ó fi kún àgbọ̀n tí kò nípọn tó ti ń wá?

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi dókítà eyín nìyí, ọ̀pọ̀ kì í sì í bi í. A lè bù ú láti ara yín: lẹ́yìn àgbọ̀n ìsàlẹ̀, níwájú rẹ̀, tàbí ní egungun ìbàdí bí ohun tí a nílò bá pọ̀, irú bí ìgbà tí a gé apá kan àgbọ̀n nítorí kókó. Ti ara ẹni ló wà láàyè jù, ṣùgbọ́n ojú ọgbẹ́ á di méjì, ẹni tí a sì bù ú ní ìbàdí á tiro fúngbà díẹ̀. Èyí tí ẹlòmíì fi tọrẹ lẹ́yìn ikú wà pẹ̀lú, tí wọ́n ti yẹ̀ wò tí wọ́n sì ti fọ̀ mọ́.

Ti màlúù la sábà máa ń lò. Wọ́n ti fi iná gbígbóná tàbí kẹ́míkà mú gbogbo ohun tó jẹ́ ẹran kúrò lára rẹ̀. Inú ìgò kékeré ló ń wà, ó rí wórówóró bí gàrí. Dókítà á fi omi iyọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ yín rin ín kó tó kó o sójú ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó, kí ẹran ìdí eyín má baà hù gba ibi tó jẹ́ ti egungun. Awọ yìí gan-an ni kí ẹ̀yin Mùsùlùmí fiyè sí, nítorí ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àwọn kan. Ẹ má tijú, ẹ sọ ọ́ kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé. Ti màlúù wà, èyí tí kò ti ara ẹranko kankan wá náà sì wà.

Lójú ọjọ́ náà àti lẹ́yìn rẹ̀

Abẹ́rẹ́ ni a ó fi pa ojú ibẹ̀ kú, ẹ ò sì ní sùn lọ bí iṣẹ́ náà kò bá pọ̀. Ohun tí a kó síbẹ̀ kì í di egungun lọ́jọ́ kan: egungun tiyín ló ń hù wọ inú rẹ̀, ó sì ń gba nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Ní ẹ̀yìn àgbọ̀n òkè, níbi tí ihò atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ imú ti sún mọ́ eyín, ó lè tó mẹ́sàn-án. Ẹni tí a ṣe tibẹ̀ fún kò gbọdọ̀ fọn ikun fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá fẹ́ sín, kó la ẹnu.

Ojú á wú fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ má fi agbára tutọ́, ẹ má fi sitírọ́ọ̀ mu nǹkan, ẹ má sì jẹ́ kí orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì kan ojú ibẹ̀. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tí kò gbóná dára. Ní ọjọ́ kejì, ẹ lè fi omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan ẹnu jẹ́jẹ́. Àgbo kò gbọdọ̀ kan ọgbẹ́ náà, ẹni yòówù kó sè é. Eyín àtọwọ́dá àtijọ́ kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀ títí a ó fi tún un ṣe. Bí wóró kan tàbí méjì bá já bọ́, kò séwu. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn tí ẹ ti gé aṣọ mímọ́ jẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, bí ibà bá dé, tàbí tí wíwú bá ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, ẹ padà wá lójú ẹsẹ̀.

Sìgá ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù nínú ohun tó wà lọ́wọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀. Ẹ sọ fún wa bí ẹ bá ní àtọ̀gbẹ, bí wọ́n bá ti fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ ní orí tàbí ọrùn yín, tàbí bí ẹ bá ń lo alendronate, zoledronic acid, denosumab tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ má dá oògùn kankan dúró fúnra yín.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò iṣẹ́ yìí. Eyín àtọwọ́dá tí à ń yọ ṣì ń sin ọ̀pọ̀ ènìyàn dáadáa, owó rẹ̀ sì kéré jìnnà. Bí ẹ bá sì fẹ́ yọ eyín láìpẹ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó fà á bóyá ó lè fi egungun kún ihò náà lọ́jọ́ kan náà.