Òjò ló ń yan oṣù fún Ife-Ẹ̀yẹ Áfíríkà

Ní oṣù Keje ọdún 2017, CAF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù Áfíríkà, ṣèpàdé ní Rabat, olú-ìlú Mòrókò, wọ́n sì fẹnu kò pé Ife-Ẹ̀yẹ Orílẹ̀-èdè Áfíríkà kò ní máa wáyé ní oṣù Kìíní mọ́. Oṣù Kẹfà sí oṣù Keje ni wọ́n gbé e lọ. Ó ti pẹ́ tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù ti ń ráhùn pé àárín sáà líìgì àwọn gan-an ni Áfíríkà ń wá kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ, nítorí náà ìpinnu yìí dùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, ẹyọ kan péré ló bọ́ sí oṣù Kẹfà.

Ti Íjíbítì ni, lọ́dún 2019. Òjò kì í yọ ilẹ̀ náà lẹ́nu. Oòrùn ni wọ́n ń bá jà. CAF ní kí rẹfirí máa dá eré dúró ní ìṣẹ́jú 30 àti ìṣẹ́jú 75 kí àwọn agbábọ́ọ̀lù lè mu omi. Ìlú tí wọ́n fi Super Eagles Nàìjíríà sí ṣe wọ́n lóore: Alexandria, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń bá èèyàn dín ooru kù, ni wọ́n ti gbá eré mẹ́rin àkọ́kọ́, kí wọ́n tó kọjá sí Kairo. Ipò kẹta ni wọ́n ṣe.

Kamẹrúùnù ló kàn, ibẹ̀ sì ni ìpinnu Rabat ti forí ṣánpọ́n. Lẹ́bàá Limbé, ọ̀kan lára àwọn ìlú tó gba ìdíje náà lálejò, abúlé kan wà ní ẹsẹ̀ Òkè Kamẹrúùnù tó ń jẹ́ Debundscha. Ó wà lára ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù lọ lágbàáyé, nǹkan bíi mítà mẹ́wàá lọ́dún. Oṣù Kẹfà àti Keje sì wà nínú àsìkò tí òjò ibẹ̀ ń le. CAF dá ìdíje náà padà sí oṣù Kìíní, àrùn Kòrónà tún sún un síwájú, ó sì di ọdún 2022 kó tó wáyé.

Ẹ̀ẹ̀rùn náà kò fọwọ́ lẹ́rán. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìíní, ní Limbé, Málì ń bá Tùnísíà gbá a ní ọ̀sán gangan. Rẹfirí Janny Sikazwe, ọmọ Sámbíà, fọn fèrè òpin eré ní ìṣẹ́jú 85. Ariwo sọ, eré tún bẹ̀rẹ̀, ló bá tún fọn ọ́n kí ìṣẹ́jú 90 tó pé. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n ṣàlàyé pé ooru ló kọlù ú. Àwọn èèyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri ayé, èyí kò sì dára, torí ẹ̀mí ọkùnrin náà ló wà nínú ewu. Ní Garoua lápá àríwá, níbi tí Nàìjíríà ti gbá gbogbo eré tirẹ̀, ooru gbígbẹ ni tiwọn. Bafoussam sì wà lórí òkè tí afẹ́fẹ́ ti tutù díẹ̀. Orílẹ̀-èdè kan náà ni o!

Côte d'Ivoire kò jiyàn rárá: nítorí òjò ni CAF ṣe sún ìdíje 2023 sí oṣù Kìíní 2024. Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, kó rántí ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2023. Eré ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ Côte d'Ivoire àti Málì ní pápá Ebimpé, l'Abidjan, kò kọjá ìdajì, omi òjò ti gba pápá. Orí pápá yìí kan náà ni Nàìjíríà ti pàdánù àṣekágbá 2-1 ní oṣù Kejì 2024, lórí ilẹ̀ tó gbẹ. Ti Mòrókò 2025 kò kan òjò. Ìdíje àwọn kílọ́ọ̀bù lágbàáyé tí FIFA ṣe ló gba oṣù Kẹfà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ti mọ èyí tipẹ́. Nígbà tí Nàìjíríà gba ìdíje náà lálejò ní Èkó àti Ìbàdàn lọ́dún 1980, oṣù Kẹta ni wọ́n fi sí, kí òjò tó wọlé tán. Green Eagles, bí Super Eagles ṣe ń jẹ́ nígbà náà, na Àlùjíríà 3-0 nínú àṣekágbá ní Surulere, l'Èkó.

Kò sí oṣù kan tó bá gbogbo Áfíríkà mu, ìlú tó bá gbàlejò ló yẹ kí CAF máa bi léèrè kó tó dá ọjọ́. Kẹ́ńyà, Tàńsáníà àti Ùgáńdà ló ni ti 2027. Nairobi ga tó nǹkan bí 1,800 mítà ju òkun lọ, Dar es Salaam sì wà létí òkun gan-an. Kí àwọn tó ń tọ́jú Super Eagles tètè fi èyí sọ́kàn.