Ṣé o mọ̀? Ike àyà ọlọ́kadà kì í ṣe oríṣi kan

Ike àyà tí àwọn tó ń gun alùpùpù lójú ọ̀nà igbó ń wọ̀ pín sí méjì. Èyí tó ní àmì EN 14021, òkúta tí táyà ẹni iwájú ń ta sẹ́yìn ni wọ́n ṣe é fún. Kì í ṣe ti ìṣubú. EN 1621 ni ti ìṣubú. Ó kan ike ẹ̀yìn náà: nínú ìdánwò rẹ̀, ìpíndọ́gba agbára tó ń kọjá sí ara kò gbọdọ̀ ju kilonewton 18 lọ ní ìpele 1. Ní ìpele 2, 9 péré ni.

Ewu ìṣubú wà nígboro náà. Láti June 1, 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Ìkẹjà, àmọ́ àwọn dísípáàṣì tó ń fi alùpùpù kó ẹrù fún oníbàárà ṣì ń gba òpópónà Ọba Akran lọ sí Agége, láàárín kòtò, yanrìn àti tírélà. Àṣíborí nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ní. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, orúnkún, ìgbọ̀nwọ́ àti àtẹ́lẹwọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ kan títì.

Ẹ̀yin tí ẹ gbà wọ́n síṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ìbọ̀wọ́, ike orúnkún àti ti ẹ̀yìn fún wọn. Àṣíborí tó bá sì ti gbá ilẹ̀ gidi, ẹ pààrọ̀ rẹ̀: fóòmù inú rẹ̀ ti fọ́.