Bí A Ti Ń Yan Ìrìn Kẹ̀kẹ́ Àkọ́kọ́, Tí A sì Ń Múra Dè É

Ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà àti sí ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́ lè rò pé òun ti mọ gbogbo ohun tí ó yẹ kí oníkẹ̀kẹ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde lọ́jọ́ kan, láti rin ọ̀nà jíjìn tí àwọn alákòóso ti là sílẹ̀, yóò rí i pé ọgbọ́n méjì kù fún òun láti kọ́: ọgbọ́n yíyan ìrìn tí ó bá agbára rẹ̀ mu, àti ọgbọ́n mímú kí agbára náà pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí yíyan. Fún olùbẹ̀rẹ̀, ìrìn yìí kì í ṣe eré ìje. Dídé ibi ìparí ní àlàáfíà ni ìṣẹ́gun rẹ̀. Nítorí náà, kí ó má ṣe yan èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù, bí kò ṣe èyí tí ó ti wádìí ọ̀nà rẹ̀. Kí ó béèrè bí ọ̀nà náà ti gùn tó, bí a ó bá sé e mọ́ ọkọ̀, bí omi àti alátùn-únṣe kẹ̀kẹ́ yóò bá wà lójú ọ̀nà, àti pàápàá, ibi tí àwọn òkè rẹ̀ wà.

Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹ wo ìrìn tí a máa ń ṣe ní oṣù kẹfà láti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Brighton, ní etíkun gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Máìlì 54 ni. Ẹni tí ó bá ń rin máìlì 12 ní wákàtí kan yóò parí rẹ̀ ní wákàtí mẹ́rin àbọ̀, láìka ìsinmi. Èyí kò dẹ́rù bani. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ó bá ti rin ohun tí ó lé ní máìlì 40 ni yóò kan òkè Ditchling Beacon, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí máìlì kan, tí orí rẹ̀ sì ga ju ojú òkun lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 800 ó lé díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ní ń sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè. Bákan náà ni ti Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, tí a bẹ̀rẹ̀ ní 1978. Kìlómítà 109 ni, èyí tí í ṣe nǹkan bí máìlì 68. Lẹ́yìn tí oníkẹ̀kẹ́ bá ti gun Chapman's Peak tán, òkè Suikerbossie tún ń dúró dè é. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ pàápàá kì í ṣe ohun àfojúdi: ní oṣù kẹta 2017, ó le tóbẹ́ẹ̀ tí a fi dá ìrìn náà dúró.

Òkè tí ì bá rọrùn ní òwúrọ̀ a máa di ogun nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti rẹ̀. Nítorí náà, ìdámẹ́rin tí ó kẹ́yìn nínú ọ̀nà ni kí á múra dè.

Àwọn àgbà ní, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹni tí ó lè rin máìlì 12 lónìí fún ara rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 12. Kí ó máa jáde lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì fún ìrìn kúkúrú, ẹ̀ẹ̀kan fún ìrìn gígùn. Kí ó máa fi máìlì mẹ́ta tàbí mẹ́rin kún ìrìn gígùn náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kẹrin, kí ó dín in kù, nítorí nígbà ìsinmi ni iṣan ara ń le sí i. Bí ó bá ti lè rin 40, ó lè dá àbá 54. Kí ó wá òkè kan ní àdúgbò rẹ̀, kí ó sì máa gùn ún ní ìparí ìrìn, nígbà tí ó ti rẹ̀ ẹ́. Kí ó yí jíà sí èyí tí ó fúyẹ́ kí òkè tó le. Ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, ìrìn díẹ̀ péré ti tó.

Ara dà bí fìtílà: bí epo bá tán, iná yóò kú. Kí ó máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí búrẹ́dì díẹ̀díẹ̀ láti wákàtí kìíní, kí ó sì máa mu omi. Kí ó yẹ táyà àti bíréèkì wò. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù: bí gìgísẹ̀ bá wà lórí pẹ́dàlì tí ó wà nísàlẹ̀, kí orúnkún nà tán. Bàtà titun tàbí oúnjẹ tí kò jẹ rí, kí ó má ṣe dán an wò lọ́jọ́ náà.

Láàárín èrò, kí ó di ipa ọ̀nà rẹ̀ mú, kí ó fi ọwọ́ ṣe àmì kí ó tó yà, kí ó má sì fa bíréèkì lójijì, nítorí ìṣubú ẹnìkan lè di ìṣubú ènìyàn mẹ́wàá. Bí àyà bá ń dùn ún, tàbí òòyì ń kọ́ ọ, kí ó dúró kí ó sì pe olùrànlọ́wọ́.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, kò sí ìtìjú nínú títi kẹ̀kẹ́ gòkè. Ẹni tí ó mọ ọ̀nà rẹ̀, tí ó sì mọ ara rẹ̀, ì báà jẹ́ òun ni ó dé gbẹ̀yìn, yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé.