Pípààrọ̀ Kọ́ńtákítọ̀ Éèsì

Nínú éèsì ńlá, kọ́ńtákítọ̀ ni ẹnubodè tí iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ kọ̀mpúrésọ̀. Inú àpótí éèsì tó wà níta ilé ló máa ń wà. Bí iná bá wọ kọ́ìlì rẹ̀, kọ́ìlì á di òòfà, á fa irin inú rẹ̀ mọ́ra, iná á sì ráyè kọjá. Éèsì kékeré bíi 1hp kì í sábà ní in. Ó wọ́pọ̀ lára àwọn ńlá tó ń dúró nílẹ̀.

Iná tí kò tó ló ń ba kọ́ńtákítọ̀ jẹ́ jù. Ìlànà àgbáyé ni pé kí èyí tí wọ́n ṣe fún 230 fóòtì ṣì lè gbá mú bí iná bá wálẹ̀ dé nǹkan bí 196. Ní Ìdúmàgbò, ní Èkó, níbi tí ilé àti ṣọ́ọ̀bù ti há mọ́ra, iná lè wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí gbogbo àdúgbò bá tan éèsì pa pọ̀. Òòfà á rọ, kọ́ńtákítọ̀ á máa dún kẹ́kẹ́kẹ́, ìtapàrà iná á sì máa jó ojú irin rẹ̀. Èèrà tó bá há sáàárín irin náà ń dá kún un, bẹ́ẹ̀ ni atẹ́gùn oníyọ̀ láti ọ̀sà.

Bí ojú irin bá lẹ̀ pọ̀, kọ̀mpúrésọ̀ á ṣì máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa éèsì. Bí kọ́ìlì bá jó, atẹ́gùn lásán ni yóò máa fẹ́ nínú yàrá. Àwọn kan a fi igi ti irin kọ́ńtákítọ̀ mọ́lẹ̀: ìyẹn ń gba agbára pípa éèsì kúrò lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ó sì lè jó kọ̀mpúrésọ̀. Fífi sáńdípépà ha ojú rẹ̀ náà kì í pẹ́, nítorí ó ń bó fàdákà ara rẹ̀ dànù.

Iṣẹ́ oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ ni pípààrọ̀ rẹ̀. Pé iná ti lọ kò tó. Ó lè dé nígbàkigbà. Bírékà éèsì ni wọ́n ń pa, wọ́n á tún rí i pé jẹnẹrétọ̀ àti ínfátà kò lè gbé iná wá, kí wọ́n tó fi mítà wò ó bóyá iná ṣì wà níbẹ̀. Kapásítọ̀ ṣì lè gbé iná pamọ́ lẹ́yìn èyí, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tú iná inú rẹ̀ dànù kí ọwọ́ tó kàn án.

Wọ́n á ya fọ́tò wáyà kí wọ́n tó tú u. Ámpíà kọ́ńtákítọ̀ tuntun kò gbọdọ̀ kéré sí ti àtijọ́, fóòtì kọ́ìlì sì gbọ́dọ̀ bára mu. Ọ̀pọ̀ éèsì tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ní kọ́ìlì 24 fóòtì; bí iná 230 bá kàn án, ó jó nìyẹn. Ìdè wáyà gbọ́dọ̀ le dáadáa, nítorí ìdè tó dẹ̀ máa ń gbóná.

Lẹ́yìn títan, wọ́n á wọn fóòtì nígbà tí kọ̀mpúrésọ̀ bá ń gbéra. Bó bá wálẹ̀ ju 196 lọ, wáyà tó nípọn tàbí sítébíláísà tó gba agbára éèsì náà ló kù tí wọ́n á fi sí i. Láìṣe bẹ́ẹ̀, kọ́ńtákítọ̀ tuntun náà lè jó.