Àrùn rọpárọsẹ̀: Ẹ̀rọ ọpọlọ kò rọ́pò eré ìdárayá

Ọ̀pọ̀ ẹbí wa láti Bódìjà dé Challenge ló ń tọ́jú ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, tí ọwọ́ rẹ̀ kan kò lè gbé omi àlùwàlá mọ́. Wọ́n ń bi wá léèrè nípa ẹ̀rọ tó ń ta ọpọlọ jí.

Òótọ́ ni pé ó wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ọ̀kan fún ọwọ́ tó rọ. Abẹ́ awọ àyà ni wọ́n ń fi í sí. Yóò máa fi iná díẹ̀ ránṣẹ́ sí iṣan ọrùn tó lọ sínú ọpọlọ, bí aláìsàn ṣe ń ṣe eré ìdárayá lọ́wọ́. Ènìyàn 108 ni wọ́n fi dán an wò. Gbogbo wọn ló ṣe eré ìdárayá. Àwọn tí wọ́n tan iná fún ni ọwọ́ wọn já fáfá jù. Iná ń ran ọpọlọ lọ́wọ́ láti kọ́ ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n eré ìdárayá gan-an ni ẹ̀kọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ má dúró de ẹ̀rọ. Àwọn oníṣẹ́ fisiotẹ́rápì wà ní UCH. Ẹ má pa ọjọ́ kankan jẹ. Nílé, ẹ jẹ́ kí ó máa fi ọwọ́ tó rọ náà ṣe àlùwàlá, kí ẹ máa gbé e ró. Ànábì wa (SAW) ní kí á máa wá ìwòsàn. Kí Ọlọ́hun fún wọn ní àlàáfíà, àmín.