Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: Àtúnṣe Àwọn Ẹ̀yà Tí Ń Dín Èéfín Ọkọ̀ Àtijọ́ Kù

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́, tí ó sì ra ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ ràgàjì tí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe láàárín ọdún 1966 sí 1980, yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò sì bá àwọn ẹ̀yà kan pàdé tí kò sí lára àwọn ọkọ̀ tí ó ṣáájú wọn: pọ́ǹpù tí fáńbẹ́ẹ̀tì ń yí ṣùgbọ́n tí kì í fa omi tàbí epo, agolo dúdú kan tí ó lúgọ sí igun, àti àwọn rọ́bà tín-ín-rín tí ẹnikẹ́ni kò lè tètè mọ ibi tí wọ́n ti wá tàbí ibi tí wọ́n ń lọ. Ìmọ̀ràn tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu àwọn onímọ́tò ẹgbẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó tú gbogbo wọn dànù, nítorí pé àwọn ni wọ́n fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ẹni tí ó bá sì mọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe kò ní tètè mú sípánà.

Los Angeles ní ilẹ̀ Kalifóníà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nínú oṣù Keje ọdún 1943, kùrukùru kan bo ìlú náà, ó ń ta àwọn ènìyàn lójú, ó ń há wọn lọ́fun, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi rò pé àwọn ará Japan, tí Amẹ́ríkà ń bá jagun nígbà náà, ni wọ́n fi gáàsì olóró jà wọ́n. Ó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950 kí Arie Haagen-Smit, ọmọ ilẹ̀ Họ́lándì tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Caltech, tí ó sì ti ń ṣe ìwádìí lórí òórùn dídùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó, tó fi hàn wọ́n pé epo tí kò jóná tán àti àpapọ̀ gáàsì náítírójìn àti ọ́síjìn tí ń ti inú ọkọ̀ jáde ni oòrùn ń pa pọ̀ di kùrukùru náà. Wọ́n ti ń wá ọ̀tá lókè òkun, àṣé ọkọ̀ ẹnu ọ̀nà wọn ni. Láti ìgbà náà ni òfin ti ń tẹ̀lé òfin, tí ẹ̀yà tuntun sì ń tẹ̀lé òfin kọ̀ọ̀kan.

Èyí tí ó kéré jù nínú wọn ni fáàfù tí wọ́n ń pè ní PCV, tí Kalifóníà sọ di dandan fún ọkọ̀ ọdún 1963. Bí písítìnì ti ń lọ tí ó ń bọ̀, díẹ̀ nínú epo àti èéfín a máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì lọ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ọ́ìlì wà. Láyé àtijọ́, páìpù lásán ni ó ń da ẹ̀gbin yìí sójú títì, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún epo àìjóná tí ọkọ̀ ń tú sáfẹ́fẹ́ ni ó sì ń gba ibẹ̀ jáde. PCV ń dá a padà kí ẹ́ńjìnnì lè jó o. Irin kékeré àti sípíríǹgì ni ó wà nínú rẹ̀: nígbà tí ọkọ̀ dúró tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ìfàmu inú ẹ́ńjìnnì lágbára, ó fa irin náà, ihò fún, nígbà tí awakọ̀ bá tẹ iná mọ́ ọn, ìfàmu dínkù, sípíríǹgì ti irin náà padà, ihò fẹ̀. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ mì ín létí: bí ó bá ń dún, irin inú rẹ̀ ń rìn, bí ó bá dákẹ́, ó ti dì, kí ẹ ra tuntun, nítorí owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí ó bá dí, èéfín tí kò rí ọ̀nà yóò ti ọ́ìlì gba ojú síìlì jáde, ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò sì máa pààrọ̀ síìlì láìsinmi.

Pọ́ǹpù tí fáńbẹ́ẹ̀tì ń yí, èyí tí General Motors pè ní Air Injection Reactor, tí Ford pè ní Thermactor, bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára ọkọ̀ Kalifóníà ní ọdún 1966. Bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ti ń fẹ́ ẹyín iná kí ó lè ràn, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu ihò tí èéfín gbígbóná ń gbà jáde, kí epo tí kò jóná tán lè jóná níbẹ̀. Ẹ̀yà méjì ni wọ́n ń ṣọ́ ọ. Fáàfù kan ń darí atẹ́gùn náà síta nígbà tí awakọ̀ bá ṣàdédé gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, kí sàláńsà má baà bú gbàmù. Èkejì kò jẹ́ kí èéfín gbígbóná padà wọ inú pọ́ǹpù. Èkejì yìí ni ó sábà máa ń dógùn-ún, bí ó bá sì ti jẹrà, èéfín ni yóò jó pọ́ǹpù náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pààrọ̀ pọ́ǹpù láìyẹ fáàfù náà wò, owó méjì ni yóò san.

Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1973, fáàfù tí wọ́n ń pè ní EGR dé. Náítírójìn inú afẹ́fẹ́ kì í dàpọ̀ mọ́ ọ́síjìn lọ títí àyàfi bí iná inú ẹ́ńjìnnì bá gbóná kọjá ààlà. EGR a bu díẹ̀ nínú èéfín tí ó ti jóná padà sínú ẹ́ńjìnnì, iná náà a sì rọlẹ̀. Kò yẹ kí ó ṣí nígbà tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan. Ẹ fi pọ́ǹpù ọwọ́ fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: bí ẹ́ńjìnnì bá gbọ̀n tàbí tí ó kú, ara EGR le, bí nǹkan kan kò bá yí padà, kábọ́ọ̀nù ti dí ọ̀nà rẹ̀ tàbí kí awọ inú rẹ̀ ti ya. Kábọ́ọ̀nù ṣe é ha kúrò. Awọ yíya ni ó ń béèrè tuntun.

Agolo dúdú igun nì, èédú ni ó kún inú rẹ̀. Oru epo tí ń ti inú táǹkì àti kábúrétọ̀ jáde ni èédú náà ń gbà mọ́ra títí ẹ́ńjìnnì yóò fi fà á mu. Ẹni tí ó bá ń rọ epo kún táǹkì dé ọ̀fun lè fi epo tútù ba èédú náà jẹ́. Ní ọdún 1975 ni ẹ̀rọ abẹ́ ọkọ̀ tí a fi platinum àti palladium ṣe wọlé dé, èyí tí ń sọ èéfín olóró di omi àti gáàsì tí kì í pa ni lójú ẹsẹ̀. Òjé inú epo àtijọ́ ni ikú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dín ẹnu táǹkì àwọn ọkọ̀ náà kù, kí ẹnu pọ́ǹpù epo olójèé má baà lè wọ ibẹ̀.

Àwọn onímọ́tò ẹgbẹ́ náà kò purọ́ nígbà tí wọ́n sọ pé agbára ọkọ̀ wọ̀nyí rẹlẹ̀ ju ti àwọn tí ó ṣáájú lọ, ṣùgbọ́n ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ní ọdún 1971, General Motors dín bí písítìnì ti ń fún epo pọ̀ kù, kí àwọn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè lo epo tí kò ní òjé púpọ̀. Ní ọdún 1972, àwọn ilé-iṣẹ́ yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka agbára ẹ́ńjìnnì padà, wọ́n ń kà á pẹ̀lú gbogbo ẹrù ara rẹ̀, nọ́ńbà orí ìwé sì já wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó tú EGR àti pọ́ǹpù kò dá èyíkéyìí nínú méjèèjì padà. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti ṣètò iná plọ́ọ̀gì rẹ̀ pẹ̀lú EGR lè máa kan gbọ̀ọ̀-gbọ̀ọ̀ nígbà tí kò bá sí i mọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Papọ̀ ni wọ́n ṣe wọ́n, papọ̀ ni ó sì yẹ kí a tún wọn ṣe.

Owó náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní Kalifóníà, ọkọ̀ elépo pẹtiróòlù ti ọdún 1975 sẹ́yìn bọ́ lọ́wọ́ àyẹ̀wò èéfín, ṣùgbọ́n ti 1976 síwájú kò bọ́, ẹ̀yà tí ó bá sì ti sọnù lára rẹ̀ lè mú kí ó kùnà. Ẹgbẹ́ àwọn tí ń tún ọkọ̀ Corvette ṣe, National Corvette Restorers Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1974, a máa wò ó bóyá ọkọ̀ rí bí ó ti rí nígbà tí ó jáde ní ilé-iṣẹ́, pọ́ǹpù tí ẹlòmíràn ti jù sí ààtàn sì wà nínú ohun tí wọ́n ń wò.

Nítorí náà, kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ ka ìwé tí ilé-iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ ya àwòrán ibi tí rọ́bà kọ̀ọ̀kan wọ̀, kí ẹ sì yẹ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó dá a lẹ́bi. Rọ́bà tí ó ti sán ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, nítorí pé òun ni ó kéré jù lówó, òun ni ó sì ń fa ọ̀pọ̀ àìsàn tí a ń di ru fáàfù. Èyí tí ó bá ti kú pátápátá, ẹ ra irú rẹ̀ gan-an dípò, kí ẹ sì fi òkú rẹ̀ pamọ́, nítorí pé nọ́ńbà ara rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí tí owó kò lè rà padà.