Wave Race 64 àti ìgbì òkun Ayétòrò: kí ni kọ̀ǹpútà mọ̀ nípa omi?

Ẹni tó bá ti wọ bóòtì ní Ìgbókọ̀dá rí mọ bó ṣe ń rí. Nínú odò tó gba àárín igbó kọjá, omi dákẹ́, ẹ́ńjìnì ń dún, bóòtì ń lọ geere bí ẹni gun títì ọ̀dà. Àmọ́ ẹ wá bá àwọn apẹja jáde sójú òkun ní Ayétòrò. Bóòtì á bẹ̀rẹ̀ sí í fò, á máa fi ìdí gbá omi, gbàà! gbàà!, gbogbo èrò á di pákó mú. Bóòtì kan náà, ẹ́ńjìnì kan náà. Kí ló wá yí padà?

Géèmù kan wà tó gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré ní 1996. Orúkọ rẹ̀ ni Wave Race 64. Ó ti pẹ́ o, àwọn kan nínú yín ò tíì dáyé nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n títí dòní, tí wọ́n bá ń ka àwọn géèmù tí omi inú wọn jọ omi gidi, wọn kì í fo orúkọ rẹ̀.

Orúkọ tí wọ́n yá lò

Ilé iṣẹ́ Nintendo ló ṣe é fún ẹ̀rọ Nintendo 64, Shigeru Miyamoto tó dá Mario sílẹ̀ sì wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi han aráyé ní 1995, bóòtì eléré ló wà nínú rẹ̀. Kó tó jáde lọ́dún kejì, wọ́n ti yí i sí alùpùpù orí omi, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní jet ski.

Ẹ dúró ná. Jet Ski kì í ṣe orúkọ gbogbo alùpùpù orí omi o. Orúkọ ọjà ilé iṣẹ́ Kawasaki ti Jàpáànù ni. Ó dà bí a ṣe ń pe gbogbo núdù ní Indomie, tàbí gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ní Omo. Nítorí náà Nintendo ní láti gbàṣẹ lọ́wọ́ Kawasaki kó tó lè lo orúkọ náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí Kawasaki lára pátákó ìpolówó tó wà létí omi nínú géèmù náà.

Àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ayérayé. Nígbà tí Nintendo tún gbé géèmù náà jáde lórí ẹ̀rọ Wii ní 2007, wọ́n ti yọ ìpolówó Kawasaki kúrò lára pátákó, wọ́n sì fi ti ẹ̀rọ Nintendo fúnra wọn rọ́pò rẹ̀. Omi ò yí padà, eré ò yí padà, orúkọ ló lọ. Ní 2022 ó tún dé orí Switch, fún àwọn tó ń san owó ìforúkọsílẹ̀.

Eré náà kò le láti lóye. Bọ́ọ̀lù ńlá pupa àti yẹ́lò léfòó sójú omi. Ẹ gba apá ọ̀tún pupa, ẹ gba apá òsì yẹ́lò. Tí ẹ bá gbà á bó ṣe yẹ, agbára ẹ́ńjìnì yín á máa pọ̀ sí i. Tí ẹ bá pàdánù márùn-ún, eré ti parí nìyẹn. Ibi tó ti le ni omi fúnra rẹ̀.

Omi tí wọ́n fi àwọ̀n ṣe

Nínú géèmù mọ́tò, títì kì í mì. Ẹni tó ṣe géèmù á yà á lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Omi kì í dúró bẹ́ẹ̀. Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe máa ń ṣe é?

Ẹ fojú inú wo àwọ̀n apẹja tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Gbogbo ibi tí okùn ti so kókó, ẹ kà á sí ojú kan lórí omi. Kọ̀ǹpútà á wá máa gbé kókó kọ̀ọ̀kan sókè, á máa sọ ọ́ kalẹ̀, ní ìgbà púpọ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tí kókó yìí bá gòkè, èyí tó tẹ̀ lé e á gòkè tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta. Ojú wa á rí ìgbì tó ń rìn. Àmọ́ ẹ kíyè sí i: kókó kankan ò kúrò níbi tó wà. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkun gidi rí. Pákó tó léfòó sórí ìgbì á gòkè, á sọ̀kalẹ̀, á fẹ́rẹ̀ẹ́ padà síbi tó wà. Kì í ṣe omi ló ń rìnrìn àjò, agbára ló ń gba inú omi kọjá.

Ìgbì kan ṣoṣo á dà bíi páànù orí ilé, kò ní jọ omi. Wọ́n máa ń ro ìgbì púpọ̀ pọ̀ ni: èyí tó gùn tó ń lọ jẹ́jẹ́, àti àwọn kéékèèké tó ń sáré lórí rẹ̀. Níbi tí gíga méjèèjì bá ti pàdé, omi á ga sí i. Níbi tí gíga ọ̀kan bá ti pàdé kòtò èkejì, omi á fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú.

Ó wá ku bóòtì. Kọ̀ǹpútà á béèrè pé: báwo ni omi ṣe ga tó nísàlẹ̀ iwájú rẹ̀? Nísàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́? Apá tó bá rì wọnú omi, omi á tì í sókè. Apá tó bá wà lófuurufú, ìwúwo rẹ̀ á fà á wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bóòtì fi ń yí imú sókè tó bá ń gun ìgbì, tó sì ń fò tó bá ré orí rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀rọ tó ṣe gbogbo èyí kò ju mẹ́gábáìtì 4 ibi ìrántí lọ, nǹkan bí ìwọ̀n fọ́tò kan tí ẹ bá fi fóònù yà lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn pàtẹ́wọ́.

Ohun tí àwọ̀n náà ò mọ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sí Ayétòrò. Àwọ̀n tí mo ṣàpèjúwe yìí kò mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ omi. Òkun gidi mọ̀ ọ́n.

Púpọ̀ nínú ìgbì tó ń bá wa létíkun, ìjì ló bí i lọ́nà jíjìn réré ní gúúsù òkun Atlantic. Ká ní ìṣẹ́jú-àáyá 12 ló wà láàárín ìgbì kan sí èkejì. Lójú agbami tó jìn, ìgbì bẹ́ẹ̀ ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 67 ní wákàtí kan. Tó bá dé ibi tí omi ò ju mítà 2 lọ, eré rẹ̀ á já sí bíi kìlómítà 16. Iwájú ti rọra, ẹ̀yìn ṣì ń sáré bọ̀: ìgbì á sún mọ́ra, á sì ga. Tí gíga rẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìjìn omi, á wó. Ibẹ̀ ni bóòtì máa ń dojú dé.

Ẹ wá wo ohun tí eré sísá ń ṣe. Bóòtì tó dúró sójú kan á gba ìgbì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 12. Tó bá kọjú sí ìgbì yẹn nínú omi mítà 2, tó ń sáré kìlómítà 36 ní wákàtí kan, ìgbì kan á máa kàn án ní nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 4. Ìgbá náà pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ ṣáájú ìṣirò yìí pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ẹni tó mọ géèmù yìí gbá mọ̀ ọ́n náà: tẹ́ ẹ bá ń fi gbogbo agbára fò, ẹ ò ní lè ṣẹ́rí bóòtì lófuurufú. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá ṣubú nínú géèmù á tún gun òmíràn. Ní Ìlàjẹ, ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì amúniléfòó kí bóòtì tó gbéra.

Etíkun tí kò ní bọ́tìnnì

Ọ̀nà eré kan wà nínú Wave Race 64 tí wọ́n ń pè ní Southern Island. Bí ẹ ṣe ń yí i ká, omi òkun ń fà sẹ́yìn, ọ̀nà sì ń yí padà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì, omi á padà síbi tó wà.

Ní 1947 ni wọ́n dá Ayétòrò sílẹ̀. Ìdàkejì Southern Island ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀: omi ń wọlé ni. Òkun ti gba ilé, ó ti gba ilé ìwé, àwọn èèyàn sì ti kó sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, jù bẹ́ẹ̀ lọ. Etíkun tó ti Ayétòrò lọ sápá ìlà-oòrùn kì í ṣe yanrìn bíi ti Èkó. Ẹrẹ̀ ni. Yanrìn tí ìgbì bá gbé lọ lè padà nígbà tí òkun bá rọ̀. Ẹrẹ̀ kì í sábà padà, ó fúyẹ́, á pò mọ́ omi, á bá a lọ. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ tún máa ń rì díẹ̀díẹ̀ bí ẹrẹ̀ ṣe ń ki sí i. Láti nǹkan bí 1900, omi òkun àgbáyé sì ti ga sókè tó sẹ̀ǹtímítà 20. Níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú pẹrẹsẹ, ìwọ̀n yẹn tó láti gba ilẹ̀ tó pọ̀ lọ.

Ìṣirò tó ń gbé àwọ̀n inú géèmù sókè sódò yìí, ìbátan rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń wo ibi tí ìgbì máa ti wó, àti ibi tó yẹ kí ògiri ìdènà omi wà. Tí ọ̀dọ́ Ìlàjẹ kan bá fẹ́ kọ́ irú iṣẹ́ yìí, ó ti ní ohun kan tí Nintendo ò ní ní 1996: ó mọ bí omi yẹn ṣe ń gbá ìdí bóòtì.